Kòtò Kejì

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Lọ́yà,

Mo kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé otútù ibẹ̀ yẹn ò tíì gé ọ létí jẹ? Èmi wà. Orúnkún mi ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí. Etí mi ò gbọ́ fóònù mọ́, gbogbo ohùn inú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí aránṣọ tó ń gbé yàrá iwájú bá mi kọ ìwé yìí. Ohun tí mo bá sọ ni yóò kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi fi oyin sí i.

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá ni. Kòtò tí bàbá bàbá rẹ gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ti kún, etí rẹ̀ kan sì ti ya lulẹ̀. Tí ènìyàn bá da omi sí ilé ìgbẹ́, omi náà á dúró, á wo ènìyàn lójú, kó tó wá máa lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Àwọn ayálégbé ti ń yínmú. Aránṣọ tó ń kọ èyí náà ń yínmú, ó rò pé n kò rí òun.

Kòtò tuntun la nílò, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń bẹ̀rù ni kí kòtò náà má ba kànga mi jẹ́. O mọ̀ pé omi kànga yẹn ni gbogbo ilé ń mu. Òun náà ni àwọn obìnrin àdúgbò ń pọn láàárọ̀, tí wọ́n á wá máa ṣòfófó létí rẹ̀ títí ara mi á fi yá. Tí kànga bá bàjẹ́, ayálégbé ò ní dúró, èmi náà ò sì ní pẹ́ nínú ilé yìí. Àbíkẹ́yìn mi ti ń wá ìdí tí yóò fi kó mi lọ sí ilé tirẹ̀, kí n lọ máa jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn bí ìgbálẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe méjì ló ti wá wò ó. Àbíkẹ́yìn mi ló mú àkọ́kọ́ wá. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé mo rí ojú ara mi níbẹ̀, kò sì wù mí. Ó dúró síwájú ilé, ó wo òrùlé, ó wo ògiri, ó ní ilé yìí dára. Mo ní ẹ̀yìn ni kòtò wà. Ó ní òun mọ̀. Kò lọ sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí mo bi í, "kò sí wàhálà, ìyá wa" ni. Mo bi í bóyá òjò máa rọ̀ lọ́la, ó ní kò sí wàhálà.

Èkejì ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alákẹtẹ̀, nítorí akẹtẹ̀ kan tó ti gbó sí i lórí. Kò kí mi dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìyá, kànga yín dà?" Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibi kànga lọ sí ibi tí mo fẹ́ kí kòtò wà, ó ní, "N kò ní gbẹ́ ẹ síbí." Mo ní èmi ni mo nilẹ̀. Ó ní, "Ẹ yáa gbẹ́ ẹ fúnra yín." Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò gba ẹnu rẹ̀ gbọ́. Mo ní kó júwe ilé tó ti ṣiṣẹ́ fún mi, kì í ṣe ti ọdún yìí, ti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo fi ọ̀pá mi rìn débẹ̀. N kò bi àwọn baálé ilé, ìyàwó wọn ni mo bi, nítorí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ló mọ ọjọ́ tí omi kọ̀ tí kò lọ. Lẹ́yìn náà ni mo lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé wọn, mo fi imú mi wò ó. Kò rùn. Ìyàwó ilé kan ní ẹnu rẹ̀ burú, pé ọjọ́ tí ọkọ òun fẹ́ kó dín búlọ́ọ̀kù kù, ó bú u níṣojú àwọn ọmọ. Mo ní irú rẹ̀ gan-an ni mò ń wá.

Àbíkẹ́yìn mi ń bínú. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni Bàtà-Dídán, pé ènìyàn tiwa ni. Mo ní ohun tí n kò fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹni tí yóò gbẹ́ kòtò fún mi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí mo lè bú, tí ẹbí ò ní torí ẹ̀ pe ìpàdé.

Ìwọ lo ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé láìsọ fún ọ. Mo ti sọ. Alákẹtẹ̀ ni mo fẹ́. Dáhùn kíá, kí òjò tó dé.

Èmi, ìyá tó bí bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ìyá Àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kú ìnira orúnkún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣeé kà, àfi pé ó máa ń gbàgbé àmì sórí ọ̀rọ̀. Kò burú, èmi náà kì í ráyè àmì mọ́.

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé orí sókè. Aṣọ ibùsùn ń wọlé nínú kẹ̀kẹ́ onírin bí ẹni pé gbogbo ìlú ló ń ṣàìsàn. Ooru ẹ̀rọ ìlọṣọ ti bó mi lọ́wọ́. Tí mo bá délé, èmi àti obìnrin méjì la jọ ń gbé yàrá kan, ọ̀kan ń hanrun, èkejì ń sunkún.

Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kòtò kì í ṣe ọ̀rọ̀ imú. Níbi tí mo wà, agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ lè fi àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han ènìyàn. Kí ni Alákẹtẹ̀ yín ní ju akẹtẹ̀ lọ? Ọ̀rẹ́ Bàbá Kékeré níwèé, ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi, tí mo bá sì bi í ní ìbéèrè, á dáhùn kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Òun ni kó ṣe é. Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré, òun ni yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà.

Mo ti kà nípa rẹ̀ dáadáa, mo sì bi ọkùnrin tó wá tún kòtò ilé tí mò ń gbé ṣe. Bí kòtò kìíní ṣe gbọ́dọ̀ rí, bí èkejì ṣe gbọ́dọ̀ rí, mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Bàbá Kékeré. Kò yẹ kí n máa fi ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù àti páìpù dà yín láàmú. Ẹ jókòó, ẹ sinmi.

Ohun kan dùn mí. Ẹ kọ̀wé tó gùn báyìí nípa ìgbẹ́, ẹ ò bi mí bóyá mò ń jẹun.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Lọ́yà,

Ṣé ò ń jẹun? Mo ti bi ọ́.

Mo lé Alákẹtẹ̀ lọ bí o ṣe wí. Ó ti gbé ṣọ́bìrì wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọmọ mi tó wà lókè òkun ti rí ẹlòmíràn. Kò bínú. Ó bi mí pé, "Ìyá, ta ló máa dúró níbi kòtò?" Mo ní àbíkẹ́yìn mi ni. Ó wo inú ilé, ó wò mí, ó ní ó dàárọ̀. Ọ̀sán gangan sì ni. Ojú tì mí. Ó ti pẹ́ tí ojú ti tì mí kẹ́yìn, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Bàtà-Dídán ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí Alákẹtẹ̀ ní òun ò ní gbẹ́ ẹ sí gan-an ló gbẹ́ ẹ sí. Ó ní páìpù á kúrú, iṣẹ́ á yá. Mo ní kànga ńkọ́? Ó ní kò sí wàhálà. Àbíkẹ́yìn mi ń wá láàárọ̀, á dúró lábẹ́ igi, á ka fóònù fún un, á tún bá tirẹ̀ lọ. Bàtà-Dídán fúnra rẹ̀ kì í wọ inú kòtò. Àwọn bírìkìlà rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, àwọn yẹn ò sì mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe lọ.

Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ìdí kòtò. Ó dán bí abọ́. Mo tẹ orí wò ó, mo bi wọ́n pé níbo ni omi máa gbà lọ. Àbíkẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyí." Bàtà-Dídán ní, "Ìyá wa, ohun tí ọmọ yín kọ ni mò ń ṣe. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò níbẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń múra ilé ẹjọ́ sílẹ̀.

Ìwọ la sọ ní Lọ́yà nítorí àròyé, o ò sì rí ilé ẹjọ́ rí. Èmi ni n ó bi ọ́ ní ìbéèrè lónìí. Ṣé bí o ṣe kọ ọ́ nìyẹn? N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo ti ń da omi nù láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sì sí ibi tí mo dà á sí rí tí kò wá ọ̀nà. Dá mi lóhùn kí wọ́n tó bo kòtò náà.

Tí o bá sì fẹ́ kí n sinmi, rán ẹsẹ̀ tuntun sí mi. Má rán ìmọ̀ràn.

Ìyá rẹ àgbà.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́, mi ò mọ èyí tí ìwé yìí máa bá yín.

Ìwé yín bá mi ní ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ìfọṣọ gé owó iṣẹ́ wa sí ìdajì, tó ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ máa lọ. Mo kà á lórí ìdúró. Mo rò pé ẹ máa ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀fẹ̀ lẹ fi mí ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ má da ara yín láàmú nípa ibi tí omi ń gbà, mo ti ro ìyẹn, ó wà nínú ohun tí mo tẹ̀ ránṣẹ́. Ní ti kànga, Bàbá Kékeré ní ó jìnnà tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má yí ọ̀rọ̀ kan padà. Tí ẹ bá ń bá wọn jà lójoojúmọ́, wọ́n á fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀bi á sì tún padà sórí mi.

Mo mọ̀ pé Alákẹtẹ̀ wù yín nítorí ẹnu rẹ̀ jọ tiyín. Iṣẹ́ kì í ṣe ẹnu, Ìyá Àgbà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Ìyá Àgbà mi,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ìwé tí mo kọ ní oṣù kẹrin, ẹ ò dáhùn. Èyí tí mo kọ tẹ̀lé e náà, ẹ ò dáhùn. Tí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sórí ìwé, kí n lè rí i kà.

Bàbá Kékeré ní iṣẹ́ ti parí tipẹ́, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ó dára lójú mi. Ìdérí kòtò méjèèjì gún régé, wọ́n tiẹ̀ fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n létí. Mo fi han àwọn obìnrin tí a jọ ń gbé, mo ní ilé wa nìyí, èmi ni mo ṣe é. Èyí tó ń sunkún yẹn bi mí pé kí ni. Mo ní kòtò ilé ìgbẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́.

Ṣùgbọ́n tí mo bá bi Bàbá Kékeré pé ẹ ńkọ́, ó ní ẹ wà. "Ìyá wà." Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ àga ìdáná. Kí ló ṣẹlẹ̀? Aránṣọ dà? Tí ó bá jẹ́ àìsàn ni, kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Mo ti ń lá àlá tí n kò fẹ́ràn.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Lọ́yà,

Ìwé rẹ dé, gbogbo wọn. N kò ṣàìsàn. N kò ní ẹni tó máa bá mi kọ̀wé ni. Aránṣọ ti kó lọ. Wàá rí i pé ọwọ́ tó kọ èyí yàtọ̀. Ọkùnrin tó ń ta ọ̀dà ní òdìkejì títì ló ń bá mi kọ ọ́, ó sì máa ń fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rọ iyọ̀. Kò fẹ́ kọ ìgbẹ́, "ẹ̀gbin" ló ń kọ. Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ ìgbẹ́. Ó ti kọ ọ́.

Kòtò rẹ ti kún. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n parí rẹ̀ tó ti kún. Aránṣọ ń wẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ. Ó rò pé irun ló dí i. Ó fi ọwọ́ wá irun náà. Kì í ṣe irun. Ariwo tó pa mú mi sáré, èmi tí n kò sáré láti ọdún tí bàbá rẹ ti kú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń gba abẹ́ ìdérí jáde, ìdérí tí wọ́n kùn ní funfun yẹn. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síhà kànga, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kó iyẹ̀pẹ̀ dí i. Mo kó eérú dí i. Ó rọra gba abẹ́ wọn lọ. Mo fa omi kànga sókè, mo gbóòórùn rẹ̀, mo dà á nù. Ọjọ́ kejì mo tún fa òmíràn, mo tún dà á nù. Àwọn obìnrin tó ń pọn ọ́n ò sọ nǹkan kan fún mi. Wọn ò ṣáà wá mọ́ ni. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sórí, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú," ó ń sunkún. Àwọn ayálégbé tó kù tẹ̀ lé e, àwọn yẹn ò sunkún.

Mo ránṣẹ́ pe Bàtà-Dídán. Iwájú ilé náà ló tún dúró sí. Ó ní, "Ìyá wa, ohun tí wọ́n kọ ni mo ṣe." Mo ní, "Èmi ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n kọ. Ìwọ tó o ń gbẹ́ kòtò jẹun, ṣé o mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́?" Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ni owó ló ní òun mọ̀ ọ́n."

Nítorí náà, ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì kọ́ ọ.

Àbíkẹ́yìn mi náà bá ń bú u, ó ń fi fóònù hàn mí, èmi tí n kò mọ̀wé. Ó ní ibí lo kọ ọ́ sí: kòtò kìíní, kí ó má jò, kòtò kejì, kí ó má jò. Ó kà á fún mi, ó tún un kà. Mo ní kòtò kejì náà, kí ó má jò? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé kò yà ọ́ lẹ́nu? Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ní báyìí ó ní ilé yìí ti parí, kí n kó ẹrù mi máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ ti wọn ibùsùn mi.

Ṣé ìwọ lo kọ ọ́? Má ṣe àròyé fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìyá rẹ àgbà.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Ìyá Àgbà mi,

Mo ka ìwé yín nínú yàrá tí a ti ń ká aṣọ, mo jókòó sórí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, wọ́n sì bú mi.

Ẹ ní kí n má ṣàròyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ ló wà lójú mi báyìí. Mo dà á kọ síbí bó ṣe rí, kí ọlọ́dà lè fi hàn yín: "Koto kini, ki o ma jo. Koto keji, ki o ma jo." Fóònù mi ò ní àmì, "a" kan ṣoṣo ni mo sì máa ń tẹ̀ fún "má" àti "máa". Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí kòtò kìíní má jò, nítorí ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń jókòó sí. Kí kòtò kejì máa jò, kí ilẹ̀ máa mu omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ó má. Kí ó máa. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Tó bá jẹ́ ohun kan náà ni mo fẹ́, ṣé n kò ní kọ "méjèèjì" kí n sì sinmi? Ta ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì lásán? Ó yẹ kí Bàbá Kékeré ro ìyẹn. Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ò nílò àmì. Ó yẹ kó bi mí. Gbogbo ìgbà ló ń dá mi lóhùn, kò bi mí ní ìbéèrè kan rí.

Màá fi ọlọ́pàá mú un. Mo ti fi ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré, a ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà, mo mọ̀ pé ẹ béèrè. Ẹ béèrè, mo rò pé kòtò kìíní lẹ ń wí, mo sì ní kí wọ́n má yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Iṣẹ́ ìfọṣọ yìí ti sú mi. Mò ń bọ̀ nílé ní oṣù kejìlá, n kò sì rò pé n ó padà síbí. Ẹ bá mi gbá yàrá mi, èyí tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀. Ẹ má ṣe ohunkóhun sí kòtò náà títí màá fi dé. Màá bójú tó o fúnra mi, mo ti mọ bó ṣe yẹ kó rí.

Ọmọ yín, ẹ dárí jì mí.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Lọ́yà,

Mo ní kí ọlọ́dà fi ọ̀rọ̀ náà hàn mí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí àmì, ó tún fi àmì sí i, ó ń kà á sí mi létí bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Èmi ti ń fi ẹnu mi pe "má" àti "máa" kí wọ́n tó bí ọlọ́dà, wọn ò sì dàrú mọ́ mi lẹ́nu rí. Tí o bá ti sọ ọ́ fún èmi, kòtò ì bá ti jò. Ṣùgbọ́n èmi lo ní kí n jókòó, kí n sinmi. Tí mo bá ní kí ọlọ́dà kọ "má wá" sí ọ, ṣé "máa wá" lo máa kà, tí wàá sì ní ó yẹ kí n ti rò ó?

Má fi ọlọ́pàá mú ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ sílẹ̀ níbẹ̀? Pé ó ṣe ohun tí o ní kó ṣe?

N kò dúró dè ọ́. Oṣù kejìlá jìnnà fún ẹni tó ń gbé pẹ̀lú òórùn. Mo fi ọ̀pá mi rìn lọ sí ilé Alákẹtẹ̀. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń gé èékánná. Mo ní mo wá bẹ̀ ọ́. Ó ní òun kì í tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ta ló máa dúró níbi kòtò lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní èmi. Ó wo orúnkún mi. Mo ní má wo orúnkún mi, kòtò la ń sọ.

Mo gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ títí ó fi parí. Nígbà tí wọ́n ti fa kòtò kejì gbẹ, tó wọ inú rẹ̀, n kò rí nǹkan kan ju akẹtẹ̀ rẹ̀ lọ, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fọ́ sìmẹ́ńtì rẹ nísàlẹ̀. Ó ní ó le dáadáa. Ó ní wọn ò jí nínú sìmẹ́ńtì, kí n gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Òótọ́ lẹ́nu rẹ̀ burú. Mo bú u nígbà tó fẹ́ fi òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ó bú mi padà, ó ní òkúta kò tíì dé tán ni, kí n lajú. A gbádùn ara wa.

Mo bi í ní ti kànga. Ó fa omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ó ti wọ inú rẹ̀. Kòtò yìí sì sún mọ́ ọn jù, bó bá ṣe ń jò ni kànga á máa gbà á. N kò lè dá a padà fún yín. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ fún yín pé òun lè dá a padà, ẹ lé e." Mo ní kó dí i. Ó ní kí n lọ jókòó sínú ilé kó tó bẹ̀rẹ̀. N kò lọ. Bàbá bàbá rẹ ló gbẹ́ kànga yẹn, èmi ni mo ń fa iyẹ̀pẹ̀ sókè nígbà náà, oyún bàbá rẹ wà nínú mi. Òkúta àkọ́kọ́ tó jù sí i, ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ọ. Èyí tó kẹ́yìn, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn obìnrin wá wò ó. Ọ̀kan bi mí pé ta ló bà á jẹ́. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Èyí tó wà nílé?" Mo ní, "Àwọn méjèèjì." Omi rírà ni mò ń mu báyìí. Ọkùnrin kan ń fi kẹ̀kẹ́ tì í wá, ó ń dọ́gbọ́n dín in kù, mo sì ń bú u.

Kòtò náà kò rùn mọ́. Mo wà nínú ilé mi. Àbíkẹ́yìn mi ti gbà. Ó ní òun ò ní kó mi lọ síbì kankan mọ́, kò sì wọ ẹ̀yìnkùlé mi mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ yàrá rẹ. Owó rẹ ti tán sọ́wọ́ Bàtà-Dídán, n kò sì fẹ́ béèrè òmíràn lọ́wọ́ rẹ, nítorí ìmọ̀ràn máa ń bá owó rẹ rìn. N kò ní nǹkan tí mo lè fún Alákẹtẹ̀ ju yàrá lọ. Mo bi í pé ṣé ó lè gbé yàrá tó kọjú sí kòtò náà. Mo ní tó bá rùn, ìwọ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ronú. Ó wo fèrèsé náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ dájú pé iṣẹ́ náà dára.

Ó ti kó wọlé. Mo di ẹrù rẹ sínú àpótí, ó wà lábẹ́ ibùsùn mi, kò sí ohun tó sọnù. Tí o bá dé ní oṣù kejìlá tí n kò sí nílé, kan ilẹ̀kùn, òun ni yóò ṣí i. Sọ ẹni tí o jẹ́ fún un, nítorí kò mọ̀ ọ́.